Bí mo ṣe rí ìdí tí fíìmù fi ń já lórí láptọ́ọ̀pù mi

Ní alẹ́ Sátidé kan nígbà ọyẹ́, Ìyá mi yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé e lé itan, ó ní, "Ẹnu àwọn èèyàn yìí ò bá ọ̀rọ̀ wọn mu mọ́." Mo wò ó, òótọ́ ni. Obìnrin inú fíìmù náà ti pa ẹnu dé, ohùn rẹ̀ ṣì ń bú ọkọ rẹ̀ lọ. Àwòrán dúró gbagidi, ó fò síwájú, ó tún dúró. Ọkùnrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lẹ́nu ọ̀nà ti jókòó sórí àga, a ò rí ìgbà tó rìn wọlé. Mo pa láptọ́ọ̀pù, mo tún un tàn, mo bẹ̀rẹ̀ fíìmù náà lákọ̀tun. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó tún gbé e dé. Ìyá mi ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé oorun ti ń kun òun tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé oorun kankan ò kùn ún.

Ọ̀rọ̀ fíìmù kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú ilé wa. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí Ìyá mi fi ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú, kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún tí kò fi lè gun òkè kó sọ̀ mọ́. Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé ìlú òkè àti àpáta ni, kò rọrùn fún ẹlẹ́sẹ̀ dídùn. Láti ìgbà tó ti wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Adátán, ọjà ti di ohun tó ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó bá wá kí i. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó máa ń retí láti Mọ́ńdè ni fíìmù alẹ́ Sátidé. A ò ní tẹlifíṣọ̀n tó dáa, láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ilé-ìwé la fi ń wò ó. Nígbà tó wá ń já, ó dùn mí ju bí ó ṣe yẹ kí ẹ̀rọ dun èèyàn lọ.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo náwó kí n tó bèèrè ọ̀rọ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo gbé láptọ́ọ̀pù náà lọ fún ẹnìkan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Mo ní, "Ẹnjiníà, fíìmù ń já lórí ẹ̀." Kò bi mí pé fíìmù wo. Kò bi mí pé ìgbà wo ló ń já. Ó tan ẹ̀rọ náà, ó wò ó fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó ní RAM rẹ̀, ibi tí ẹ̀rọ máa ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, kéré, pé 4 GB kò lè gbé nǹkan kan láyé òde òní, pé Windows tó wà lórí rẹ̀ náà ti rẹ̀, òun máa fọ̀ ọ́ nù, òun á fi òmíràn sí i. Mo sanwó RAM, mo sanwó Windows, ó jẹ́ ẹgbàá mọ́kànlá náírà gbáko. Mo gba láptọ́ọ̀pù padà ní Ọjọ́rú. N kò ní purọ́ mọ́ ọn o, ẹ̀rọ náà ń yára tàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó di Sátidé, tí mo tan fíìmù yẹn gan-an, ẹnu àwọn èèyàn ò tíì bá ọ̀rọ̀ wọn mu.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbé e padà lọ ní àárọ̀ Sọ́ńdè. Ọmọ ìyá kan tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló dá mi dúró. Ó ń kàwé ní FUNAAB ní Alábàtà, ó wá lo ìsinmi nílé. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó lọ: ṣé gbogbo fíìmù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé ojú ibì kan náà ló ti máa ń já? Ṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, àbí ó máa ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀?" Mo la ẹnu, n kò rí èsì fọ̀ sí i. N kò mọ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti ń bá ẹ̀rọ náà jà fún ọ̀sẹ̀ méjì, n kò tíì wò ó dáadáa rí.

Tíṣà ni mí, iṣẹ́ mi ni kí n fa ìlà sínú ìwé. Mo mú ìwé kan tó ṣófo, mo yan fíìmù mẹ́rin nínú àwọn tó ti já rí, mo sì jókòó tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan mo kọ ìṣẹ́jú tó bẹ̀rẹ̀ sí í já, mo kọ bóyá iná wà tàbí bátìrì la fi ń wò ó, mo sì kọ ibi tí láptọ́ọ̀pù wà, yálà orí tábìlì tàbí orí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo wo ohun tí mo kọ, ojú mi là. Èmi ti ń pe gbogbo rẹ̀ ní àìsàn kan. Àìsàn tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Èyí tó rọrùn jù ni fíìmù tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú kọkànlélógójì ló ti máa ń já, kì í yẹ̀. Mo dá a padà sẹ́yìn, ó já níbẹ̀. Mo gbé e sórí fóònù mi, ó já níbẹ̀ náà. Bí fíìmù bá ń já lójú kan náà lórí ẹ̀rọ méjì, ẹ má wulẹ̀ fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan, fáìlì náà ló bàjẹ́. Mo rántí pé ìgbà tí àbúrò mi ń dà á sínú fláàṣì fún mi, ó fa fláàṣì yọ lójijì nítorí ọkọ̀ tó ń dúró dè é ní Kútọ̀. Ó tún un dà fún mi, ó rọra yọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó tán síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà fláàṣì díẹ̀, nítorí òun ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ bá wí. Ọ̀pọ̀ èèyàn sọ fún mi pé fláàṣì ló ń fà, pé kí n máa da fíìmù sínú láptọ́ọ̀pù kí n tó wò ó. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Fíìmù wákàtí méjì tó jẹ́ 2 GB, bí ẹ bá pín in sí ìṣẹ́jú-àáyá 7,200 tó wà nínú wákàtí méjì, kò tó ìdá mẹ́ta MB kan tí ẹ̀rọ máa nílò láti kà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Fláàṣì tó bá lè ka ohun tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá kì í ṣe ohun àrà. Àyàfi tí fláàṣì bá ti ń kú lọ, tàbí tí ihò tí wọ́n ń tì í bọ̀ bá ti ń mì, kì í ṣe òun. Dída fíìmù sínú láptọ́ọ̀pù kò burú, ṣùgbọ́n tèmi kò yí padà nígbà tí mo dà á.

Fíìmù méjì nínú mẹ́rin yẹn máa ń lọ geere ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í já, wọ́n á sì máa burú sí i. Mo wo ìwé mi, mo rí i pé orí bẹ́ẹ̀dì ni láptọ́ọ̀pù wà ní ìgbà méjèèjì. Ìyá mi fẹ́ràn kí a gbé e lé orí ìrọ̀rí lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀, ó gbóná bí irin áyọ́ọ̀nù. Fáànù inú rẹ̀ ń hó, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé àtẹ́lẹwọ́ sí ihò ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kí atẹ́gùn ti máa jáde, atẹ́gùn kankan kò kàn mí lọ́wọ́.

Prọ́sẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ tó ń ṣe iṣẹ́ inú ẹ̀rọ, kì í fẹ́ jó. Bí ooru rẹ̀ bá ti ń sún mọ́ ibi tó lè bà á jẹ́, yóò dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè rọlẹ̀. Ẹ̀mí ara rẹ̀ ló ń dù. Àmọ́ ní gbogbo àsìkò tó fi dín eré kù yẹn, fíìmù ò dúró dè é. Àwòrán 24 ni ọ̀pọ̀ fíìmù máa ń fi hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí prọ́sẹ́sọ̀ ò bá rí ṣe tán lásìkò rẹ̀, yóò fò ó. Ohùn kò wúwo tó àwòrán, nítorí náà ohùn á máa bá tirẹ̀ lọ. Òun ló fà á tí obìnrin yẹn fi pa ẹnu dé tí ohùn rẹ̀ kò sì dákẹ́.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní apá Òkè-Ìlewò. Èyí dúró gbọ́ mi. Mo fi ìwé mi hàn án, ó kà á láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ jókòó, ẹ máa wò mí bí mo ṣe ń tú u." Ó tú àwọn ìdè abẹ́ rẹ̀, ó kó wọn sínú ìdérí ìgò kan kí wọ́n má bàa sọnù. Ó yọ fáànù. Láàárín fáànù àti irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí ooru ń gbà jáde, ohun kan jókòó síbẹ̀ bí aṣọ. Ó fi pínsẹ́tì fà á, ó jáde lódindi, ó nípọn tó ìdá mẹ́rin ìka mi, ó rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ bí eérú. Mo gbà á, mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Eruku ọyẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n okùn òwú wẹ́wẹ́ aláwọ̀ aró náà pọ̀ nínú rẹ̀. Òwú aṣọ Ìyá mi ni. Aṣọ tó ṣẹ́kù nínú ọjà rẹ̀ wà nínú yàrá yẹn, ó sì máa ń jókòó tú wọn wò, ó máa ń gbọ̀n wọ́n, ó máa ń ká wọn. Láptọ́ọ̀pù ti ń mí gbogbo rẹ̀ sínú láti ọdún méjì.

Ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn nu ọ̀dà tó ti gbẹ lórí prọ́sẹ́sọ̀ kúrò, ó fi tuntun bíi ẹ̀kán wóró ẹ̀wà kan sí i. Ọ̀dà yẹn ló ń gbé ooru láti ara prọ́sẹ́sọ̀ lọ sára irin. Bó bá gbẹ, ooru kò rí ọ̀nà gbà. Owó tó gbà kò tó ìdá mẹ́rin èyí tí mo ti ná ṣáájú. Ó ní kí n má gbé e lé bẹ́ẹ̀dì mọ́ láéláé, nítorí abẹ́ rẹ̀ ló ti ń fa atẹ́gùn, ìrọ̀rí á sì dí i. Mo ra pákó pẹlẹbẹ kan lọ́dọ̀ káfíńtà, mo ní kó bá mi kan ẹsẹ̀ mẹ́rin kúkúrú sí i. Orí rẹ̀ ló ń jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí. Fíìmù méjì yẹn lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀rọ̀ bátìrì kò gbà mí lákòókò rárá, ìwé ló sọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni fíìmù máa ń wúwo, àní èyí tó ń lọ dáadáa tẹ́lẹ̀. Bí láptọ́ọ̀pù bá ti bọ́ sórí bátìrì, Windows á dín agbára kù kí bátìrì lè pẹ́. Mo tẹ àwòrán bátìrì ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, mo ti ọ̀pá kékeré tó wà níbẹ̀ lọ sí apá tó ní iṣẹ́ tó dára jù. Bátìrì ń tètè tán, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tó fún fíìmù kan, ìyẹn náà sì tó wa.

Ó wá ku fíìmù kẹrin, èyí tí Ìyá mi fẹ́ wò jù lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ló ti ń já, kò dúró kí ara gbóná. Iná wà, orí tábìlì ló wà, fáànù ti mọ́, ó ń já. Lórí fóònù mi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ń lọ bí omi. Èyí ló rú mi lójú jù. Báwo ni fóònù kékeré ṣe ń gbé ohun tí láptọ́ọ̀pù odidi ò lè gbé?

Ọmọ FUNAAB yẹn kọ́ mi ní nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, kí n tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ nígbà tí fíìmù bá ń lọ. Ojú ìwé kan á yọ tó ń fi iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe hàn. Mo ṣe é pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn fíìmù tó ti sàn: prọ́sẹ́sọ̀ kò kọjá ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ṣe é pẹ̀lú ti ẹlẹ́ẹ̀kẹrin: ọgọ́rùn-ún géérégé, kò sọ̀ kalẹ̀. Mo wo RAM lójú ìwé kan náà, 3 GB la ń lò nínú 8. Mo wò ó títí. RAM tí mo fi owó gidi rà jókòó síbẹ̀, iṣẹ́ ò dé ọwọ́ rẹ̀. Ká ní mo ti mọ ojú ìwé yìí ṣáájú, n kì bá tí ná owó yẹn, torí kò gbà ju ìka mẹ́ta lọ.

Ìkejì, kí n tẹ Ctrl àti J nínú VLC tí mo fi ń wo fíìmù. Yóò sọ irú ìlànà tí wọ́n fi fún fíìmù náà pọ̀. Fún àwọn tó sàn, ó kọ H.264. Fún ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ó kọ HEVC, èyí tí wọ́n tún ń pè ní H.265. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ojú ìwé kan tó ń ka iye àwòrán tó sọnù, iye yẹn sì ń gorí lọ bí mítà epo.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jókòó ti Ìyá mi, mo fẹ́ ṣàlàyé fún un ìdí tí fíìmù rẹ̀ kò fi tíì lè lọ. Ó ń tú àdìrẹ kan lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn tó kù. Mo sọ fún un pé àwòrán inú fíìmù kan pọ̀ débi pé tí wọ́n bá tò ó sílẹ̀ bó ṣe rí láìfún un pọ̀, wákàtí méjì péré á kún háàdì dískì 1 TB àkúnwọ́sílẹ̀. Àwòrán kan ní àmì tóótòòtó tó lé ní mílíọ̀nù méjì, mẹ́rìnlélógún sì ni ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà wọ́n máa ń dì í, wọ́n á fún un mọ́ra, ẹ̀rọ tó fẹ́ fi hàn wá ni yóò máa tú u bó ṣe ń lọ. Ọ̀nà ìdì ti àtijọ́, H.264, èyí tó jáde ní 2003, rọrùn láti tú. Ọ̀nà tuntun, HEVC, tó jáde ní 2013 máa ń jẹ́ kí fáìlì kéré tó ìdajì, ẹwà rẹ̀ kò sì dín, ṣùgbọ́n títú rẹ̀ le gan-an.

Ìyá mi kò jẹ́ kí n parí. Ó ní, "Oníko àti alábẹ́rẹ́ nìyẹn." Ó na aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sí mi. Ìko ni wọ́n fi so ó, ó fa orí ìko kan, ó tú fàà, òbìrí funfun kan là lójú aró. Ó fa òmíràn, ó tú. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó mú aṣọ kejì jáde, èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán mọ́ra kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró. Okùn rẹ̀ wọnú aṣọ débi tí n kò fi mọ èyí tó jẹ́ okùn, èyí tó jẹ́ aṣọ. Ó mú abẹ, ó tẹ orí ba, ó gé okùn kan, ó dúró, ó wá òmíràn, ó gé e. "Bí o bá kánjú síbí, o ti ya aṣọ," ó ní. "Oníbàárà mẹ́wàá lè dúró, mi ò ní kánjú. Ẹ̀rọ rẹ ò mọ alábẹ́rẹ́ í tú, oníko ló kọ́."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Prọ́sẹ́sọ̀ tó wà nínú láptọ́ọ̀pù mi, Core i3 ìran kẹta tí ilé iṣẹ́ Intel ṣe ni. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, ṣùgbọ́n 2012 ni irú rẹ̀ jáde. Wọ́n ṣe apá kan sínú rẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tú H.264 lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi máa ń làágùn lórí ìyẹn. HEVC kò tíì jáde nígbà tí wọ́n ṣe é, nítorí náà kò ní apá kankan fún un. Prọ́sẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ní láti fi agbára lásán tú u, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń fi abẹ wá okùn. Fóònù mi kéré, ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n ṣe é, alábẹ́rẹ́ ti wọ̀lú, wọ́n sì ti kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ mọ ìran tí ẹ̀rọ yín jẹ́, ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i3 tàbí i5 tàbí i7 lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́rin tí 3 bẹ̀rẹ̀ bíi tèmi, ìran kẹta ni. Lọ́dọ̀ Intel, láti ìran kẹfà tó jáde ní 2015 ni títú HEVC ti di ara iṣẹ́ wọn, ti keje ló sì wá tú irú rẹ̀ tó ní 10-bit, èyí tí àwọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ sí i, tó sì le jù. Fíìmù Ìyá mi, 10-bit ni.

Mo gbìyànjú àwọn ọ̀nà ẹ̀bùrú. Mo lọ sínú ètò VLC, mo yí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹ̀rọ tí yóò tú fíìmù padà sókè sódò, kò mú ohunkóhun wá nítorí ẹ̀rọ ò ní ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tẹ J àti K tí wọ́n fi ń ti ohùn sẹ́yìn sí iwájú kí ẹnu lè bá ọ̀rọ̀ mu; ó bá mu fún ìṣẹ́jú méjì, ó tún yà. Bọ́tìnnì méjì yẹn wúlò gan-an fún fíìmù tí wọ́n ti da ohùn rẹ̀ rú láti ilé, ṣùgbọ́n bí prọ́sẹ́sọ̀ bá ń sá lẹ́yìn, ẹ ò lè fi ọwọ́ tì í bá.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé mo ní kí ẹ̀rọ náà tú u sílẹ̀ láìkánjú, kó sì tún un dì ní oníko, ìyẹn H.264. HandBrake ni mo lò, ètò kan tó ń tún fíìmù dì, ọ̀fẹ́ ni. Mo gbé fíìmù sí i, mo yan Fast 720p30, mo tẹ̀ ẹ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo gbé láptọ́ọ̀pù sí orí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, mo sì lọ sùn. Ìgbà tí mo jí láti lọ tọ̀ ní nǹkan bí aago kan, ó ti parí. Àwọn kan á ní kí ló dé tí mo fi yan 720 tí 1080 wà, ìyẹn iye ìlà àmì tóótòòtó tó wà nínú àwòrán láti òkè dé ilẹ̀. Ojú láptọ́ọ̀pù mi jẹ́ 1366 lọ́nà 768, ìyẹn mílíọ̀nù kan àmì àti díẹ̀. Fíìmù 1080 ní ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ẹ̀rọ á tú gbogbo rẹ̀ tán, á tún wá rún un kó lè wọ ojú tó kéré sí i, a ò sì ní rí ohun tó ti ṣiṣẹ́ lé lórí. Ìyá mi kò rí ìyàtọ̀ kankan, èmi náà kò rí i. Fáìlì tuntun náà tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ìdì oníko kì í fún tó alábẹ́rẹ́.

Nísinsìnyí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń fún mi ní fíìmù kí wọ́n fún mi ní H.264 ti 720 bí ó bá wà, ó yá ju kí n máa tún un dì lọ. Fún YouTube, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀: bí òbìrí bá ń yí lójú rẹ̀, dátà ló ń fà, bí òbìrí ò bá yọ, tí àwòrán kàn ń fò, ẹ̀rọ ló ń sá lẹ́yìn, ẹ dín in kù sí 480 kí ẹ wò ó bóyá á rọlẹ̀.

Sátidé tí a wo fíìmù kẹrin yẹn, wọ́n mú iná lọ ní àárín rẹ̀. Yàrá ṣókùnkùn, ojú láptọ́ọ̀pù nìkan ló kù lórí pákó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Èmi ti dì ara mi mú, mo ń dúró kó já. Kò já. Obìnrin inú fíìmù ń sunkún, ẹnu rẹ̀ ń bá ẹkún rẹ̀ mu. Ìyá mi kò tilẹ̀ mọ̀ pé iná ti lọ, ó ń dá obìnrin náà lóhùn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá láti Ìbàdàn, ó mú fíìmù tuntun wá fún ìyá àgbà nínú fláàṣì. Ó tì í bọ láptọ́ọ̀pù, ó fẹ́ tan án. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé e léjìká láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Dúró ná. Oníko ni àbí alábẹ́rẹ́?" Ọmọ náà wò mí. Mo tẹ Ctrl, mo tẹ J.